Ta Ló Jẹ̀bi: Ẹja Ni Àbí Ẹni Tó Rà Á?

Bí ẹ̀dá kan bá ń ṣe ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn, ṣé ó yẹ kí á pè é ní ìkà? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ẹja pupa tó ní àmì wínníwínní aláwọ̀ búlúù lára, ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá níbẹ̀. Ó ń gé ìrù èyí, ó ń lé tọ̀hún mọ́ kọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ìkà ẹja ni. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Kúnlé, ẹ gbé e wá kí n dín in jàre!"

Èmi kò gbà pé ìkà ni. Jewel cichlid ni àwọn òyìnbó ń pè é. Mọ̀lẹ́bí epìyà ni, ó sì wà nínú àwọn odò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. A máa pààlà sí àyè rẹ̀. Bó bá yé ẹyin, takọtabo ní í jọ ń ṣọ́ ọmọ, ẹja tó bá sún mọ́ wọn á rí ìjà. Nínú odò, èyí tí wọ́n lé á sá lọ. Nínú gíláàsì ńkọ́, ibo ni yóò sá gbà? Ìtọ́jú ọmọ lódò ló di ìwà ìkà ní pálọ̀. Àbí ẹja ló ra ara rẹ̀ wá sílé ni?

Ẹlòmíràn á ní, "Bí kò bá jẹ̀bi, ẹ fi í sílẹ̀." Ó tì o! Èyí tí wọ́n ń gé nírù kò lè dúró títí a ó fi parí àròyé. A gbọ́dọ̀ mú un kúrò. Ṣùgbọ́n kí á má fi àwọ̀n lé e kiri. Á sá sábẹ́ òkúta, àwọn aláìṣẹ̀ ni jìnnìjìnnì á bò. Kí á kó òkúta kúrò, kí á dín omi kù, kí á fi àwọ̀n méjì há a mọ́ igun. Tàbí kí á dúró dalẹ́, nígbà tí a bá ti paná, tí ara rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ibi tí a ó gbé e lọ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan á dà á sódò, wọ́n á ní àwọn ṣàánú rẹ̀. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ẹja Áfíríkà yìí ti bọ́ mọ́ àwọn tó ń sìn ín lọ́wọ́ láti àwọn ọdún 1960. Lónìí ó ti wọ àbàtà Everglades, ó ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké tó jẹ́ ọmọ onílùú. Wàhálà pálọ̀ ti di ti gbogbo ayé. Dídín tí ìyá Kúnlé wí sàn jù ú lọ.

Bí mo ṣe dá a nìyí: ẹja kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n yóò kúrò. Ẹni tó kó alágbára àti aláìlágbára pọ̀ sójú kan ló jẹ̀bi. Kí ó wá àpótí mìíràn fún un, tàbí kí ó dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?