Ohun Tí A Jọ Fọwọ́ Mọ

Bí a bá mọ̀ pé ohun kan yóò bàjẹ́, ṣé ó yẹ kí a fi àkókò wa ṣe é? Bí ọwọ́ púpọ̀ bá sì wà nínú rẹ̀, ta ló ni ín? Ìbéèrè méjèèjì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, nítorí pé wọ́n ti sọ fún púpọ̀ nínú wa pé amọ̀ mímọ àti àwòrán yíyà kò ju eré ọmọdé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo eré ọmọdé náà. Lẹ́yìn òjò, àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ẹdẹ a máa ki ẹsẹ̀ bọ inú iyanrìn tútù, wọn a fọwọ́ gbá a pọ̀, wọn a rọra yọ ẹsẹ̀, ilé a sì dúró. Ọ̀kan á fi ewé ṣe ọgbà, èkejì á fi igi wẹ́wẹ́ ṣe ilẹ̀kùn. Bí ìyá bá pè wọ́n wá jẹun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tú u ká tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè pé ilé ta ni.

Àwọn àgbàlagbà kan ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ti ilẹ̀ Tibet a máa fi iyanrìn aláràbarà ṣe iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní mandala. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń tò ó. Bí ó bá parí, wọn a gbá a jọ, wọn a sì dà á sínú odò tó ń ṣàn. Ẹ̀kọ́ Búdà ni pé kò sí ohun tó wà títí láé, àti pé dídi nǹkan mú pinpin ló ń fa ìyà ọkàn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní sì wà tí iṣẹ́ wọn kò pé láìsí òǹwòran. Ní 1996, Yoko Ono, ọmọ ilẹ̀ Japan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó pè ní Wish Tree. Àwọn òǹwòran ló ń kọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ sórí ìwé, tí wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀ka igi. Láìsí wọn, igi lásán ni.

Ní tiwa, kò jìnnà. Susanne Wenger, tí a bí ní Austria ní 1915, dé sí Nàìjíríà ní 1950. Ẹdẹ níbí ni ó ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, tí ó fi ọ̀nà ìṣẹ̀ṣe hàn án, kí ó tó lọ gbé ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí Àdùnní Olórìṣà. Òun nìkan kọ́ ló ṣe àwọn ère igbó Ọ̀ṣun. Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti àwọn mìíràn, tí oníkálukú fi ojú inú tirẹ̀ sí i. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, a kò sì gbọdọ̀ pẹja, ṣọdẹ tàbí gé igi níbẹ̀. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí. N kì í bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn mi kò ní kí n máa yọ̀ bí ère náà bá wó. Kàsálì àti Búráímọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ nílé tiwa náà ni.

Ẹnìkan ní kíláàsì wa bi mí pé: “Bí ohun gbogbo bá ń bàjẹ́, kí ló dé tí wọ́n ń tún igbó náà ṣe? Ẹ jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.” Ìbéèrè gidi ni. Àwọn Ígbò agbègbè Owerri ràn mí lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọn a máa kọ́ ilé Mbari fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, wọn a fi ère amọ̀ kún un, lẹ́yìn náà wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ lo orúkọ yìí ní Òṣogbo ní 1962, etí Yorùbá sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Àwọn tó kọ́ ilé náà ló fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é dé ojú àmì. Yíyọ̀ǹda nǹkan yàtọ̀ sí pípa á tì.

Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó lè yọ̀ǹda. Ohun tí ẹlòmíràn ṣe sílẹ̀ dè é, ìtọ́jú ni ó jẹ ẹ́. Mọ́ńkì tó da iyanrìn sódò ti fi òógùn rà á. Ẹni tó ń da ọ̀rá àti pàǹtí sínú odò Ọ̀ṣun, tó ń ṣàn kọjá ní Òṣogbo àti ní Ẹdẹ, kò lè fi ẹ̀kọ́ Búdà bojú: kì í ṣe òun ló dá odò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa pé kí ẹ má fi amọ̀ mímọ sílẹ̀ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìkan. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan jọ mọ ohun kan lọ́dọọdún, kí gbogbo wa fọwọ́ kàn án, àtẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a pinnu bóyá a ó fi í sílẹ̀ fún òjò tàbí a ó tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ní a ó tọ́jú rẹ̀, kí a kọ orúkọ àwọn tí yóò máa tún un ṣe sára ògiri, kí a má kọ ti ẹni tó ni ín.