Ta Ló Sanwó Irin Kòríà?

Ẹ ti kíyè sí i pé nígbàkígbà tí ọjà bá gbówó lórí, ẹnìkan á ṣáà dìde láti sọ fún wa pé ìyà ló ń sọ orílẹ̀-èdè di ńlá? Gúúsù Kòríà ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Irọ́ kọ́ o. Àmọ́ ìtàn náà kò parí síbi tí wọ́n ń parí ẹ̀ sí.

Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró níbẹ̀ lọ́dún 1953, ilé ti wó, ebi ń pa ará ìlú, kò sì sí epo rọ̀bì nílẹ̀. Kí ni wọ́n wá rí tà? Irun orí. Bẹ́ẹ̀ ni, irun! Àwọn obìnrin ń ta irun wọn, iléeṣẹ́ ń fi ṣe wíìgì, wọ́n ń kó o lọ sókè òkun. Láti 1963, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn ń lọ wa èédú ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, àwọn nọ́ọ̀sì náà lọ, wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́ sílé. Jápa tiwọn nìyẹn.

Ti irin ló yà wá lẹ́nu jù. Ìjọba Park Chung-hee fẹ́ dá iléeṣẹ́ irin sílẹ̀, Báńkì Àgbáyé wò ó, ó ní kò lè pé wọn. Ni wọ́n bá yíjú sí owó tí Japan gbà láti san lábẹ́ àdéhùn 1965, lẹ́yìn tó ti fi ọdún 35 jẹ gàba lé wọn lórí. Wọ́n kó lára owó náà sí POSCO ní Pohang, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́dún 1973. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hyundai ń ṣe mọ́tò Pony. Àwọn tí Japan kó ṣiṣẹ́ túláàsì ńkọ́? Díẹ̀ kíún ló kàn wọ́n nínú owó yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìyà nìkan ló ń yọ irin ni, Ajaokuta tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1979 ì bá ti máa yọ ọ́. Ní Kòríà, iléeṣẹ́ tó bá tajà tó sókè òkun ló ń rí owó yá lẹ́dìnwó. Ẹni tí kò bá tà, ìjọba kì í rojọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wa ní sùúrù, kó sọ ohun tó fẹ́ fi sùúrù wa rà àti iye tí òun alára máa dá.

Torí ẹnìkan ló ń san án. Lọ́jà Pyeonghwa ní Seoul, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ń ránṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú yàrá tí òrùlé ẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn nàró. Aránṣọ kan níbẹ̀, Jeon Tae-il, rí ìwé òfin òṣìṣẹ́ kà, ó kọ̀wé sí ìjọba títí, wọn ò dá a lóhùn. Ní November 13, 1970, ó dáná sun ara ẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfin náà. Ẹni ọdún 22 ni.

Àti 1953 ni òfin ọ̀hún ti wà nílẹ̀. Lójú tiwa, irin Pohang ì bá ṣì yọ ká ní wọ́n tẹ̀ lé e.