Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Ṣìnà, Ta Ló Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń fi gba ara wa níyànjú nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí àwa ti mọ̀, a tètè máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òbí àti ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lónìí ni èyí: bí ẹni tí kò mọ̀ bá tọ ẹni tó mọ̀ wá, tí ó sì ṣìnà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ẹ̀bi yẹn jẹ́ tirẹ̀?

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé wa, àwọn òbí kan dá a lábàá pé kí á fi àlọ́ Ìjàpá ṣe àwòrán tí ń rìn, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kàtúùnù, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó lè máa gbọ́ Yorùbá láti ẹnu Ìjàpá àti Yánníbo. Sọ́fítíwíà tí a yàn fún iṣẹ́ náà ni Blender. Ọ̀fẹ́ ni, síbẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Òun ni Gints Zilbalodis, ọmọ ilẹ̀ Látífíà, fi ṣe fíìmù Flow tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2025. Ṣùgbọ́n ó díjú gan-an. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i, àfi bí ẹni tó bá ara rẹ̀ ní àárín ọjà ìlú àjèjì.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n lò láàrin wa gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Wọ́n ṣa fídíò ẹ̀kọ́ bí ogójì jọ láti orí YouTube, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A yìn wọ́n, a sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Ìyá kan wà láàrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́. Fídíò tó kọ́kọ́ ṣí ní kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì yan ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́. Dípò kí ó rí ohun tí olùkọ́ wí, àkójọ àṣẹ kan ló yọ sí i lójú. Ó pa á dé, ó tún un tẹ̀, bákan náà ló rí. Ọjọ́ mẹ́ta tó yẹ kó fi sinmi ló fi bá a jìjàkadì. Ní ọjọ́ kẹrin ó sọ fún wa pé ọpọlọ òun ti gbó, kí á lọ wá àwọn ọmọdé tó lè ṣe é.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Kí Blender 2.80 tó jáde ní oṣù keje ọdún 2019, bọ́tìnì ọ̀tún ni wọ́n fi ń yan nǹkan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbé e sí bọ́tìnì òsì, wọ́n sì tún ojú sọ́fítíwíà náà ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀. Fídíò tó wò ti wà ṣáájú àyípadà yẹn, sọ́fítíwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Àwa kò kọ ọdún sí ara fídíò kankan. Ohun tó mú kí ti àtijọ́ ṣáájú ni pé òun ló kọ́kọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá nìyí. Bí ẹni tó ti mọ̀ bá bá irú fídíò bẹ́ẹ̀ pàdé, yóò wí pé, “Èyí ti pẹ́,” yóò sì kọjá síwájú. Olùbẹ̀rẹ̀ kò lè wí bẹ́ẹ̀, nítorí kò tíì mọ èyí tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́. Ara rẹ̀ nìkan ló lè bá wí. Báyìí ni àìtò iṣẹ́ wa ṣe di ìtìjú sí i lọ́rùn, tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwa tó yẹ kí á tọrọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ta ló ń wo eyín ẹran tí a fi tọrẹ?” Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Ẹni tó dá jókòó sí yàrá rẹ̀, tó ṣe fídíò kan, tó sì fi í síta fún ẹni tó bá fẹ́, oore ló ṣe. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ènìyàn jọ, tó ní, “Ẹ wá, a ó kọ́ yín,” tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti gba àkókò wọn, ó sì ti gba ìgbẹ́kẹ̀lé wọn. Bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀, gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìtàn Blender fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan lórí èyí. Ní 2002, ilé iṣẹ́ tó ni ín wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé. Ton Roosendaal, ará Netherlands tó dá a sílẹ̀, bẹ àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé, wọ́n sì dá 100,000 owó Yúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méje láti fi rà á padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí á ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò kò tíì tó. Bí inú ilé bá ṣókùnkùn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé fìtílà ṣáájú rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ìyà ni ọmọ-iṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ nílé wa, ojú ló fi ń ṣa ọgbọ́n, ọ̀gá kì í kó o sí i lẹ́nu. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí dáadáa. Ọ̀gá aránṣọ kì í gbé aṣọ olówó iyebíye fún ọmọ-iṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kó gé e. Gbígbá ilẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò bọ́ sí fífi òwú sí abẹ́rẹ́, yóò máa de bọ́tìnì, yóò máa ṣẹ́ etí aṣọ, kí sísísì tó kàn án. Ètò wà nínú ìyà yẹn. Bí ọmọ náà bá sì ṣìnà, ọ̀gá wà nítòsí, ó ń wò ó. Fídíò kò ní ojú tí yóò fi rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ti dúró. Nítorí náà, ohun tí ojú ọ̀gá ń ṣe tẹ́lẹ̀, ètò ló gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ẹ wo Olóyè J. F. Ọdúnjọ. Aláwìíyé ni wọ́n pe ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì tò ó láti Ìwé Kìíní dé Ìwé Kẹfà. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè wa: ẹni tó ń wí kí ó yéni. Kí ó yé ẹni tó ń gbọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó ń wí. Ẹ tún wo Salman Khan ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, ìbátan rẹ̀ kan ṣoṣo, Nadia, ló ń kọ́ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà tó di 2006 ló bẹ̀rẹ̀ sí gbé fídíò sí YouTube. Ó ti rí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ó tó máa kọ́ ẹgbàágbèje.

Ohun tí àwa náà padà ṣe nìyẹn. A lọ bá ìyá náà nílé, a bẹ̀ ẹ́, a sì jókòó tì í. A kò fọwọ́ kan máòsì. A kàn ń wò ó, a sì ń kọ ibi tó bá ti dúró sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé a ti gbàgbé bí àìmọ̀ ṣe rí. Ohun tí a rò pé kò nílò àlàyé, bíi kí ènìyàn yí ojú àwòrán padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, òun gan-an ló ń dá a dúró.

Lẹ́yìn náà la tún àwọn fídíò wa tò. Nínú ogójì, mọ́kànlá péré la fi sílẹ̀. A kọ ọdún àti ẹ̀dà Blender sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Ohun kan ṣoṣo ni fídíò kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni. A kọ́ èyí lára Andrew Price, ará Australia tí a mọ̀ sí Blender Guru. Dónọ́ọ̀tì, àkàrà òyìnbó olóju ihò, ló fi ń kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀, bí sọ́fítíwíà náà sì ti ń yí padà ló ń tún ẹ̀kọ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètò kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí á fi sílẹ̀. Bí oko ni, ríro ló ń fẹ́.

Ẹ̀rù kan ṣì ń bà wá. Bí ètò bá pọ̀ jù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ olùkọ́, kò sì ní lè dá rìn. Ọ̀pọ̀ ló ti wo ọgọ́rùn-ún fídíò tí wọn kò lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe àga kan. Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mẹ́ta mẹ́ta, a fi àyè sílẹ̀. Kò sí fídíò níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ni a gbé kalẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tí a lè bi. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí yóò bi wà lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyá náà fi igbá ẹ̀yìn Ìjàpá hàn wá. Ó wọ́ díẹ̀ lápá kan, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí, nítorí Ìjàpá ti já bọ́ láti òkè ọ̀run rí, ó sì fọ́. Kò sí èyí tó sọ fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fídíò wa. Àlọ́ náà kò tíì parí. Ẹ̀yin tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ yọjú sí wa ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n rárá, ẹ̀yin gan-an la ń retí jù, kí á lè rí ibi tí a kù sí.