Ǹjẹ́ Ayàwòrán Purọ́ Mọ́ Igi Bí?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń wo àwòrán ọgbà igi ólífì kan, èyí tí Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, fi ọ̀dà yà ní Saint-Rémy ní ilẹ̀ Faransé. Oṣù kẹfà ọdún 1889 ni, nígbà tí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò ní irọ́ ni. Àwọn igi lọ́ bí ẹni ń jó, ilẹ̀ ń ru bí ìgbì òkun. Ilẹ̀ wo ni ó rí bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí kò ya nǹkan bí ó ti rí gan-an kò ń purọ́ bí?

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ní 1888, van Gogh fẹ́ ya Jésù nínú ọgbà ólífì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yà á, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó ha á dànù, nítorí kò rí ẹni tí yóò máa wò yà á. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gauguin àti Bernard, ya irú rẹ̀ láti inú èrò ọkàn wọn ní 1889, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbà pé igi nìkan tó láti fi ìrora hàn.

Ní 2017, ilé ọnà Nelson-Atkins ní Kansas City, tí àwòrán náà wà, kéde pé a rí tata kékeré kan nínú ọ̀dà rẹ̀. Ó ti kú kí ó tó bọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀ ó bá ohun tí a mọ̀ mu, pé ìta gbangba ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, nínú afẹ́fẹ́ àti eruku.

Lójú tèmi, kí ilẹ̀ máa ru nínú àwòrán kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó débẹ̀ nígbà tí a kò débẹ̀. Gauguin ńkọ́? N kò pè é ní òpùrọ́: ẹni tí ó jẹ́wọ́ pé àlá ni òun ń rọ́ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Mélòó nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ àròkọ lórí oko tí a kò dé, tí a kàn ń da ọ̀rọ̀ ìwé kan sínú òmíràn? Kí èmi náà má baà jẹ̀bi: inú ìwé ni mo ti rí àwòrán yìí, n kò sì rí igi ólífì rí. Ẹ fi èyí wọn ọ̀rọ̀ mi.