"A Borí", "Wọ́n Pàdánù"

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń gbá a, ẹnu wa náà sì ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, gbogbo ilé wa ní Ṣágámù jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Super Eagles ń bá Ivory Coast du ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ni ìfarapa ti yọ Wilfred Ndidi, Victor Boniface àti Umar Sadiq kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó kù ló gbé ẹrù náà títí dé àṣekágbá. Nígbà tí William Troost-Ekong kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, a fò sókè, a ń kígbe pé, "A ti borí!" Nígbà tó yá, Ivory Coast dá a padà, wọ́n sì fi ẹ̀kejì kún un. Kíá ni ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu wa. A kò sọ pé "a pàdánù". "Wọ́n ti bà á jẹ́" ni a ń wí. Èmi fúnra mi sọ ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ sí Alex Iwobi. Ọmọ-ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Màmá, bó bá jẹ́ èmi ni ńkọ́?" N kò rí èsì fún un.

Èébú tí àwọn ènìyàn rọ̀jò lé Iwobi lórí pọ̀ débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa, balógun ẹgbẹ́ náà nígbà náà, ní láti bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n dẹ́kun.

Ìbéèrè mi nìyí: ǹjẹ́ ìfẹ́ tí a ní sí ẹnì kan fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bú u nígbà tó bá kùnà? Àwọn kan yóò ní, "Orúkọ wa ni wọ́n ń jẹ́, ṣé kí a má sọ̀rọ̀ ni?" Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbáwí yàtọ̀ sí èébú. Ìbáwí ń sọ ohun tó bàjẹ́, kí a lè tún un ṣe. Èébú ń sọ pé ènìyàn náà kò wúlò. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì wa dà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ẹ wo àwọn tó gba ife náà. Nínú ìdíje yẹn kan náà, Equatorial Guinea na Ivory Coast 4-0 lójú àwọn ará ilé wọn. Inú bí àwọn olólùfẹ́ wọn gan-an, wọ́n sì yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nípò. Sébastien Haller tó gbá góòlù tó ṣẹ́gun wa ti bá àrùn jẹjẹrẹ jìjàkadì ní ọdún 2022, ìfarapa kò sì jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀. Nílé wa níbí, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ipò kejì nínú líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ní 2025 ni wọ́n tó gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ta ló mọ ibi tí ọmọ ẹlòmíràn yóò dé?

Àwa obìnrin ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Bí ọmọ bá yege ìdánwò JAMB, bàbá rẹ̀ á ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Bó bá fìdí rẹmi, á ní, "Wá wo ọmọ rẹ." A mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn wá tó. Kí ló dé tí a wá ń sọ irú rẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ, sí akọrin tó ṣi ohùn mú, tàbí sí arábìnrin tí ìrẹsì jóná mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún wa?

Ẹni tó bá jẹ nínú "a borí", ó di dandan kó jẹ nínú "a pàdánù". Mo ti fún ọmọ-ọmọ mi lésì báyìí. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, gbogbo wa la pàdánù. Bọ́ sínú ilé, wá jẹun."