Ta Ni Ó Mọ Inú Irin?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ni ní àṣà kì í sábàá bi ara wa, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń wáyé lójú ọjà: bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá mọ ohun tí oníbàárà kò mọ̀, ǹjẹ́ ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán bí ó bá ṣe iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí oníbàárà ṣe ní kí ó ṣe é? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó sanwó ni ó ni iṣẹ́. Èmi kò rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀, n ó sì fi ohun kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun náà ni férémù irin tí àwọn jórinjórin máa ń ṣe sí ẹ̀yìn orí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, láàárín ibi tí awakọ̀ jókòó sí àti ibi tí ẹrù wà. N ó máa pè é ní gáàdì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orúkọ apanilẹ́rìn-ín fún un. Bí a bá tú u sí Yorùbá, kò ju 'àgbékọ́ ẹ̀fọ́rí' lọ. Ẹ̀fọ́rí tí wọ́n ń wí kì í ṣe èyí tí à ń lo oògùn sí. Bí ọkọ̀ tí ó ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan bá forí sọ ohun tí ó dá a dúró lójijì, ọkọ̀ ni ó dúró, ẹrù kò dúró. Páìpù tàbí pákó tí a kò so dáadáa yóò máa bá eré tirẹ̀ lọ, agbára tí yóò sì fi kọlu ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ohun tí ó já bọ́ láti òkè tí ó ga tó mítà 25, èyíinì ni orí ilé alájà mẹ́jọ. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ kò lè gba irú rẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ó yẹ kí ó mọ òwe yìí jù. (Gáàdì kò sì ní kí a má so ẹrù o.)

Ìwọ̀n ni jórinjórin máa ń mú kí ó tó ṣe gáàdì, bí aránṣọ ti ń wọn ara ènìyàn. Páìpù onígun mẹ́rin ni yóò gé. Èyí tí awọ rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3 àti èyí tí awọ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú bí a bá ti kùn wọ́n ní ọ̀dà dúdú. Ti oríkèé tí a jó pọ̀ tún le ju ti páìpù lọ. Iná lè wọ inú irin méjèèjì títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ pé irin dídà kàn lé sí ojú wọn ni, bí èépá ojú egbò. Bí a bá fi ẹ̀rọ lọ ojú ibẹ̀ kí ó lè dán, tí a fi pọ́tì dí ihò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó jẹ́. Lílọ̀ náà gan-an a sì máa dín agbára oríkèé kù. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ jó ẹsẹ̀ gáàdì mọ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ọkọ̀, dípò kí wọ́n fi bóòtù àti irin pẹlẹbẹ dè é mọ́ ibi tí ara ọkọ̀ ti le. Ìyẹn náà a máa dúró dáadáa títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn wa sọ. Wọ́n fi hàn níbẹ̀ pé Yorùbá ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbàgbọ́. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bí ẹni tí ó sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Bí a bá fi èyí wo gáàdì wa, oníbàárà tí ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kò ní ju ìgbàgbọ́ lọ. Jórinjórin nìkan ni ó ní ìmọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iná fi ń kọ mànà nínú gíláàsì dúdú tí ó fi bojú ni ó sì fi rí i. Òun ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo.

Èyí ni n kò fi gbà pé 'bí oníbàárà ṣe fẹ́' parí ẹjọ́. Ènìyàn kò lè yan ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí ó ní kí iṣẹ́ má wọ́n, owó ni ó yàn. Kò yan irin fẹ́lẹ́, àfi bí wọ́n bá sọ fún un pé irin fẹ́lẹ́ ni owó rẹ̀ yóò rà. Mo mọ̀ pé jórinjórin ní ìyàwó àti ọmọ, mo sì mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ti dà láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Oníbàárà tí ó ná iṣẹ́ títí tí ó fi di pé owó irin kò pé mọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí kò rí kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ó rí.

Jórinjórin tí ó ṣe tèmi, sí ara ọkọ̀ tí mo fi ń kó ẹrù oko, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gé páìpù méjì, ó sì kọ ojú ibi tí ó gé sí mi. 'Dókítà, ẹ wo inú rẹ̀ kí n tó dí i. Ṣé kó dán lẹ fẹ́ ni, àbí kó le?' Gbólóhùn yìí ni mo ti ń rò láti ìgbà náà. Kò bi mí bóyá mo gbà á gbọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún mi ní díẹ̀ nínú ìmọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹnu irin ṣì là sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ amòfin sọ pé òfin ni ó yẹ kí ó bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ń bẹ lóòótọ́. Ti Amẹ́ríkà ní kí ohun tí a fi dá ẹrù dúró lórí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba agbára síwájú tí ó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwúwo ẹrù náà. Àwa náà ti ní Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó láti 1988. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí yóò rí inú oríkèé tí a ti kùn ní ọ̀dà? Ó jọ pé irú ọ̀ràn báyìí, tí ẹni tí ó ṣe é nìkan jẹ́ ẹlẹ́rìí, ni àwọn baba wa rò tí wọ́n fi ń fi Ògún búra, tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń fi irin búra ní kóòtù títí di òní. N kò ní kí a máa gbé irin sẹ́nu ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù jórinjórin. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mélòó ni yóò ṣílẹ̀kùn?

Èyí tí ó ṣòro jù ni ti oníbúlọ́ọ̀kù kan tí ó wá síbẹ̀ lójú mi. Ó fẹ́ kí wọ́n jó ibi ìdìmú mọ́ ẹ̀yìn gáàdì rẹ̀, kí àwọn ọmọkùnrin tí ń bá a já búlọ́ọ̀kù lè máa rí nǹkan dì mú bí wọ́n bá dúró sórí ẹrù. Jórinjórin kọ̀. Ó ní, 'Ọ̀gá, bí ẹrù yẹn bá sún síwájú, ara irin yìí náà ló máa tì wọ́n mọ́.' Oníbúlọ́ọ̀kù ní ṣebí wọ́n ń gùn ún tẹ́lẹ̀, bí wọn kò bá sì rí nǹkan dì mú, wọn yóò kàn já bọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. N kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀ ti jórinjórin ni mo ṣe. Ohun tí ó ń gba orí awakọ̀ là kì í ṣe ààbò fún ẹni tí ó wà ní òdì kejì rẹ̀, ibi ìdìmú yóò sì máa sọ fún àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́ pé ààbò ni. Ó sọ ìdí rẹ̀ kí ó tó kọ owó, kò sì gbowó lé irọ́.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fajú ro, nítorí wọn kò tíì pa owó kankan láti àárọ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì tí ó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti ń rí iná tí ń kọ mànà lọ́hùn-ún.