Afòmọ́ Kì í Bá Gbogbo Igi Tan

Nígbà tí ìyá mi kékeré, tí a ti gé ọmú wọn ọ̀tún nítorí àrùn jẹjẹrẹ ní ọdún 9 sẹ́yìn, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tí wọ́n ń fi etí ìró nu awò ojú ní ànútúnnu bí ẹni pé awò ni ó dọ̀tí, kò sí ẹni tí ó ronú kan ọmú nínú wa, àfi ìgbà tí oníṣègùn wí pé jẹjẹrẹ àtijọ́ ni ó ṣí lọ sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ni ó sábà máa ń dé, ṣùgbọ́n a máa yà sí ojú tàbí àpòlúkù nígbà mìíràn.

Ará ilé kò gbà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ni wọ́n ń pa lówe. Àlùfáà kan, kí Ọba Adákẹ́dájọ́ forí jì í, ní kí aláìsàn jẹ́wọ́ ohun tí ojú rẹ̀ fi ṣẹ̀. Àìsàn tí ó bá jókòó síbi tí a mọ̀ ọ́n mọ́, àìsàn náà ni. Èyí tí ó bá yà síbi àjèjì ni a ń wá ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀.

Ní 1889, Stephen Paget, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, yẹ àkọsílẹ̀ obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò, ó sì rí i pé ẹ̀dọ̀ ni àrùn náà ń dé lemọ́lemọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọlọ inú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé méjèèjì. Ó ní irúgbìn a máa bọ́ síbi gbogbo, ilẹ̀ tí ó bá gbà á ni ó ti ń hù. Àgbẹ̀ tiwa kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, òwe ní afòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó bá tan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi àdá gé e lórí obì àti kòkó mọ̀ pé òwe náà ní àsọdùn díẹ̀, nítorí ẹyẹ tí ó jẹ èso rẹ̀, tí ó lẹ̀ bí àtè, a máa nu ẹnu sára igi tí ó bá ṣáà bà lé, síbẹ̀ èmi kò rí afòmọ́ lórí ọ̀pẹ rí. Ẹyẹ kò bá obì ṣọ̀tá. Obì kò sì ṣẹ̀ ẹ́.

Mo rò ó fún ìyá mi kékeré báyìí. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mo gbọ́ ti ẹyẹ, mo gbọ́ ti igi. Ta ni ó ní kí ó bà lé tèmi?'

Ọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn fẹ́ yọ lẹ́nu mi, pé orí tí a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá Alámọ̀ kò gbóògùn. Mo rí i pé ẹ̀bi náà ni n óò tún dì lé wọn lórí. Mo gba abẹ́rẹ́, mo fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú, mo sì kì í bọ ihò.